Bí Mo Ṣe Bo Ilé Adìẹ Màmá Hẹ́dì

Adìẹ kẹfà kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí n tó múra tán láti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Màmá Hẹ́dì ló pè mí lórí fóònù. Wọn kò tilẹ̀ kí mi, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá tí kì í gbàgbé ìkíni ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ràsákì, òmíràn tún ti kú o. Ó di mẹ́fà." Mo ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́, mo ní Ọlọ́run yóò dá àwọn tó kù sí. Ohun tí mo rí sọ nìyẹn, nítorí lójú tèmi, iṣẹ́ tèmi ti parí. Òrùlé ilé adìẹ náà kò jò, atẹ́gùn kò ṣí i, ìṣó kan ṣoṣo kò sì yọ lára rẹ̀. Kí ló tún kan káfíńtà nínú ikú adìẹ?

Káfíńtà ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe káfíńtà alága àti tábìlì. Òrùlé ni tèmi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gun orí ilé onílé kiri Ìkàrẹ́, Àkùngbá, Ọ̀bà àti Ọ̀kà. Mo ti bo ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti bo mọ́ṣáláṣí, mo ti bo ilé ìwé tí ìjì ká òrùlé rẹ̀ lọ sínú oko ẹ̀gẹ́. Nínú gbogbo rẹ̀, ilé adìẹ kan tí mo lè fọwọ́ kan òrùlé rẹ̀ láìgun àkàbà ni mo máa ń ròyìn fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Inú mi kì í dùn bí mo bá ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ọ́ délẹ̀.

Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Bélò. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo rò pé òòlù ni yóò kọ́kọ́ gbé fún mi. Àpò sìmẹ́ńtì tó ṣófo ló jù sí mi láyà.

"Kí ni mo máa fi ṣe, sà?"

"Máa mú un tẹ̀lé mi. Ohunkóhun tó bá já bọ́ lára páànù, ìbáà tín-ínrín bí èékánná, sínú àpò."

Ọdún kan gbáko ni mo fi tẹ̀lé e pẹ̀lú àpò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ṣẹ́ níbòmíràn ti ń gun òrùlé, wọ́n ti ń kan ìṣó. Èmi ń tẹ̀ kiri ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa èkùrọ́. Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí ó fi sú wọn. Bí mo bá bi Ọ̀gá pé kí ló dé tí a ń ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ní, "Ilé onílé kọ́ ni wàá sọ di ààtàn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà lọ́kàn mi pé àṣejù àgbàlagbà ni.

Sísọ́ọ̀sì páànù ni à ń lò nígbà náà. Ó wúwo, ẹnu rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń fi kókó sí àtẹ́lẹwọ́. Páànù ní òkè, ó ní kòtò. Bí o bá ń gé e ní òòró, kò le púpọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ń gé e ní ìdábùú, sísọ́ọ̀sì rẹ yóò máa gun òkè, yóò máa sọ̀ kalẹ̀, apá rẹ náà yóò sì máa bá a gùn ún. A ó kọ́kọ́ fi èédú kun okùn, a ó nà án le, a ó ta á mọ́ ara páànù kó fi ìlà sílẹ̀, ìlà yẹn la ó sì máa tẹ̀lé. Orí òkè páànù la máa ń kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò, torí inú kòtò lomi ń gbà. Páànù kan gbọ́dọ̀ gun èkejì, ẹnu èyí tó wà lókè kò sì gbọdọ̀ dojú kọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Gbogbo èyí ni Ọ̀gá Bélò kọ́ mi, kò sì sí èyí tí mo gbàgbé níbẹ̀. Àpò nìkan ni mo gbàgbé.

Bí mo ṣe gbàgbé àpò nìyí. Nígbà tí mo gba ìdáǹdè lọ́wọ́ Ọ̀gá Bélò, mo kó wá sí Ìwàrò-Ọ̀kà torí ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti wá, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ní ilẹ̀. Wọ́n ń sọ èdè Ọ̀kà láàárín ara wọn, èmi ń gbọ́ ìlàjì, mò ń fi ẹ̀rín dí ìlàjì yòókù. Iṣẹ́ wá, ó sì pọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo ra gíráńdà, ẹ̀rọ kékeré alábẹ róbótó tó máa ń yí gìrìgìrì, tó sì ń gé páànù bí ẹni gé búrẹ́dì. Ohun tó máa ń gbà mí ní àárọ̀ sí ọ̀sán, gíráńdà yóò ṣe é tán kí omi tó hó lórí iná. Iná tó ń ta pàrà lẹ́nu rẹ̀ máa ń fa èrò. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn kí èrò máa wò mí.

Ṣùgbọ́n gíráńdà kì í gé páànù bí sísọ́ọ̀sì ṣe ń gé e. Ti sísọ́ọ̀sì, ohun tó bá já bọ́, wàá rí i, wàá sì mú un. Gíráńdà a máa fọ́n ọn káàkiri ní wẹ́wẹ́. Etí páànù a máa yọ eyín, eyín náà a sì máa kán bọ́ sílẹ̀ tó bá tutù. Ta ló fẹ́ máa ṣa ìyẹn? Níbi ilé kíkọ́, yanrìn yóò bò ó, wọn yóò da kọnkéré lé e lórí, ọ̀rọ̀ parí. Mo ti gbé àpò sìmẹ́ńtì kalẹ̀ tipẹ́.

Ìgbà náà ni Màmá Hẹ́dì ránṣẹ́ pè mí. Hẹ́dímísìrẹ́ẹ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, orúkọ náà kò sì kúrò lára wọn. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn odi, ilé sì ti tutù jù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sin adìẹ ẹlẹ́yin, ọgọ́ta, kí àwọn lè ní ohun tí àwọn yóò máa jí rí láàárọ̀. Nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì sọ fún mi pé àwọn ọmọ kò fara mọ́ ọn. "Wọ́n ní kí n jókòó kí n máa sinmi. Ràsákì, ta ló ń sinmi lójoojúmọ́? Òkú nìkan."

Wọ́n fi ìwé àwòrán hàn mí. Nínú ìwé ọmọ ilé ìwé ni, wọ́n fi rúlà fà á, wọ́n sì fi báírò pupa kọ ìwọ̀n sí etí rẹ̀. N kò rí oníbàárà tó ya ilé adìẹ báyẹn rí. Wọ́n ti fi bíríkì mọ ògiri kékeré yíká, ó ga dé orúnkún, nẹ́ẹ̀tì onírin yóò bọ́ sí orí rẹ̀, páànù yóò sì bò ó. Wọ́n ti da erùpẹ̀ àti yanrìn sínú rẹ̀ kó lè tẹ́jú.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀kà mọ̀ pé orí òkúta la wà. Ẹ̀yìn ilé Màmá Hẹ́dì, àpáta ni látòkè délẹ̀, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Bí o bá gbé agolo kalẹ̀ níbẹ̀, ojú pópó lo ti máa lọ mú un. Gbogbo àyíká náà, ibi kan ṣoṣo ló tẹ́jú tó o lè tẹ́ páànù sí kó má yọ́ lọ: inú ilé adìẹ yẹn gan-an. Igi máńgòrò sì ṣíji bò ó. Mo wọlé síbẹ̀, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tẹ́ páànù sórí yanrìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Màmá Hẹ́dì gbé àga síta, wọ́n ń wò mí bí ìgbà tí wọ́n ń ṣọ́ ọmọ tó ń ṣe ìdánwò. Nígbà tí mo pa ẹ̀rọ, wọ́n na ìka sí ilẹ̀.

"Àwọn wẹ́wẹ́ yìí ńkọ́? Ṣé wàá gbá wọn?"

"Mo ti kó àwọn ńlá kúrò, mà. Ṣebí ẹ máa da sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì lé e. Á bò ó mọ́lẹ̀."

"Ràsákì, ohun tá a bò mọ́lẹ̀ kọ́ la gbá o."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹsẹ̀ adìẹ le ju bàtà lọ." Mo fi ẹsẹ̀ nu ilẹ̀ náà títí n kò fi rí ohun tó ń dán mọ́, mo gòkè, mo kan páànù mi. Iṣẹ́ náà dára. Mo jẹ́ kí etí páànù yọ síwájú dáadáa kí òjò má baà fẹ́ wọlé, mo sì yí ẹnu páànù kúrò lójú atẹ́gùn tó máa ń já bọ́ láti orí àpáta. Màmá wò ó yíká, wọ́n ní mo gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mo bi wọ́n pé níbo ni ọ̀kan lọ. Wọ́n ní àwọn kò fún ẹnikẹ́ni ní mẹ́wàá rí.

Wọ́n ra sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì àpò méjì ní ilé ìlagi, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, ọgọ́ta adìẹ sì dé. Àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n máa yé ni wọ́n rà. Ìyá tí wọ́n ní kó jókòó kó sinmi bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí ìmọ́lẹ̀ tó là. Bí mo bá ń kọjá lójú ọ̀nà, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń bá àwọn adìẹ náà wí bí ọmọ kíláàsì: "Ẹ tò! Ẹ má tira yín!" Inú mi dùn sí i.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ọ̀kan fi kú, tí èkejì tẹ̀ lé e. Adìẹ a sorí kọ́, ìyẹ́ rẹ̀ a wúwo sílẹ̀, kò ní jẹun mọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ a ní àwọ̀ ewé dúdú. Ẹni tó bá rí i yóò ní àrùn lùkúlùkú ni. Wọ́n pe dókítà ẹran. Ó wò wọ́n, ó ní kì í ṣe lùkúlùkú, torí gbogbo wọn ti gba abẹ́rẹ́. Ó ní ohun kan ni wọ́n ń jẹ. Ó ní bí òmíràn bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́, kí wọ́n má dúró kó kú, kí wọ́n pa á, kí wọ́n wo inú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń jẹ, ta ló ń tà á? Ìyá Ràfíù ni, obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ adìẹ lọ́jà Ìkàrẹ́. Èmi fúnra mi ni mo júwe rẹ̀ fún Màmá Hẹ́dì, torí mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Bélò. Lẹ́yìn adìẹ kẹfà yẹn, Màmá ní kí n jẹ́ ká jọ lọ bá a. Àwa méjèèjì wọ mọ́tò, a gba Àkùngbá lọ.

Màmá Hẹ́dì fẹ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í léèrè. Èmi ni n kò jẹ́. Mo dúró lójú ọ̀nà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, mo gbóhùn sókè. Mo ní oúnjẹ ayédèrú ló ń tà. Mo ní ìyá arúgbó ni, owó ìfẹ̀yìntì ni, kó bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo ní èmi ni mo bo ilé adìẹ náà, mo sì lè búra pé kò sí ohun tó ṣe ilé. Àwọn èèyàn dúró. Àwọn tó fẹ́ rà sún sẹ́yìn.

Ìyá Ràfíù ń nu ọwọ́ tó kún fún eruku oúnjẹ mọ́ ara aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, àwọn ẹlòmíràn ń rà á. Adìẹ tiwọn ò kú."

Mo ní, "Wọn ò tíì sọ fún ọ ni!"

Inú mi dùn sí èsì yẹn nígbà tí mo fún un. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ojú máa ń tì mí bíi pé àná ni.

Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá Hẹ́dì tún pè mí. Ohùn wọn tutù. "Ràsákì, mo pa adìẹ. Wá jẹ ìwe." Nílẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé ìwe adìẹ kì í ṣe ohun tí gbogbo ẹnu ń jẹ. Baálé ló ni ín, tàbí àgbà ọkùnrin tó bá wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Ilé tí kò ti sí baálé, tí ìyá náà bá pe ọkùnrin kan wá jẹ ìwe, ọ̀wọ̀ ńlá ló bù fún un. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn adìẹ ìbílẹ̀ wọn ni wọ́n pa, àwọn mẹ́ta kan tó máa ń rìn kiri lẹ́yìnkùlé. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo lọ.

Wọ́n ti gbé tábìlì kékeré síwájú àga. Àwo wà lórí rẹ̀, ìdérí wà lórí àwo. Wọ́n gbé omi ìfọwọ́ fún mi. Mo fọ ọwọ́.

"Ṣí i."

Mo ṣí i. Ìwe náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tútù ni, wọn kò sè é. Wọ́n là á sí méjì. Nínú rẹ̀, láàárín òkúta wẹ́wẹ́ àti àgbàdo, ohun kan ń dán. Eyín páànù ni, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ọ̀kan gún ara ìwe náà, ó gún un já sí òdì kejì, ojú ibẹ̀ sì ti di dúdú.

Àwọn àgbà máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó ní tó tún ń ráhùn: adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ́pẹ́ mì, ó ní òun kò léyín, ìdérègbè tó léyín ń gbé irin mì bí? Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì ti ń fi rẹ́rìn-ín. Adìẹ tó wà níwájú mi yìí gbé irin mì, èmi ni mo sì bù ú fún un. Adìẹ kò mọ ohun méjì ju kó tan ilẹ̀ kó sì ṣa ohun tó bá ń dán. Mo fi sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì bo páànù mọ́lẹ̀, mo wá kó ọgọ́ta olùtanlẹ̀ lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi kọ́ ni ẹ̀bẹ̀. Mo ní, "Màmá, bóyá àwọn bíríkìlà ló..."

Wọ́n wò mí. "Ràsákì. Bíríkìlà ń gé páànù?"

Mo dá ìdérí padà sórí àwo.

Wọ́n wá sọ fún mi bí àwọn ṣe ronú ẹ̀. Àwọn adìẹ ìbílẹ̀ mẹ́ta yẹn ń jẹ nínú oúnjẹ kan náà, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú àwo ni wọ́n ń dà fún wọn. Kò sí èyí tó ṣàìsàn nínú wọn. Oúnjẹ kan, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe oúnjẹ. Nígbà tí ọ̀kan tún wá sorí kọ́, wọ́n pa á, wọ́n sì la ìwe rẹ̀. Wọn kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n sọ. "Mo ní ṣé wàá gbá a."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì pálọ̀ wọn, pẹ̀lú aṣọ mímọ́ tí mo wọ̀ wá jẹ ìwe. Mo ní ẹ̀bi mi ni. Wọ́n ní kí n dìde, pé àwọn adìẹ tó kù ṣì wà nínú rẹ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

A kó wọn jáde lójú ẹsẹ̀, a kó wọn sínú yàrá tí ọkọ wọn máa ń gbé mọ́tò sí. Mo gbá gbogbo sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì náà síta, mo dáná sun ún. Mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ó fún mi ní màgínẹ́ẹ̀tì ńlá, irin tó máa ń fa irin, èyí tó yọ lára gbohùngbohùn àtijọ́. Mo so okùn mọ́ ọn, mo sì ń wọ́ ọ lórí yanrìn náà, àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́yìn àtẹ́lẹwọ́ kan, lórí ìkúnlẹ̀. Bí ó bá ti yọ irùngbọ̀n irin, n ó nù ún sínú agolo mílíìkì, n ó tún wọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Agolo náà kún, ó kù díẹ̀ kó dé ẹnu. Ilé adìẹ tí mo gé páànù rẹ̀ ní wákàtí kan péré nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo hú yanrìn òkè dànù, mo ru tuntun wá láti ìsàlẹ̀ odò, torí n kò gba ara mi gbọ́ mọ́.

Àwọn tó ti gbé e mì, kò sí ohun tí màgínẹ́ẹ̀tì lè ṣe fún wọn. Wọ́n ń kú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ kà wọ́n. Nígbà tí ikú náà dúró, mẹ́rìnlá ti lọ, mẹ́rìndínláàádọ́ta ló kù. Mo ní n ó ra mẹ́rìnlá dípò. Màmá Hẹ́dì gbà, wọ́n ní kí n ṣe é díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó ku Ìkàrẹ́."

Mo ní n ó pe Ìyá Ràfíù lórí fóònù, n ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa.

"Fóònù kọ́ lo fi bà á lórúkọ jẹ́."

A tún wọ mọ́tò, àwa méjèèjì. Mo gbàdúrà pé kí ọjà má kún. Ó kún. Ìsọ̀ Ìyá Ràfíù nìkan ni kò sí èrò níwájú rẹ̀. Àpò oúnjẹ tò jọ títí kan àjà, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti ń kó eruku. Nígbà tó rí wa, ó dìde, ó sì fi ọwọ́ di àga rẹ̀ mú. Ó rò pé ìjà mìíràn la tún gbé wá.

Màmá Hẹ́dì fẹ́ kúnlẹ̀. Obìnrin náà tètè gbá wọn mú, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ orí ìyá mi lẹ jẹ́." Èmi ni kò sí ẹni tó gbá mú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láti orí gíráńdà dé orí ìwe. Ó gbọ́ mi tán. Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì sọ pé òun kò dárí jì mí.

Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bọ̀dá, èmi nìkan kọ́ lẹ sọ ọ́ fún."

"Ta ló tún kù?"

Ó na àgbọ̀n sí ojú ọjà. "Àwọn wọ̀nyẹn."

Mo wo ẹ̀yìn. Alátá wà níbẹ̀, oníbàtà wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta ike, àwọn ọlọ́kadà. Ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ kìíní kò ju ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ. Mo rìn débẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n gbọ́ mi. Mo ní kì í ṣe oúnjẹ ìyá yìí ló pa adìẹ, èmi ni.

"N ò gbọ́ ọ," ni Ìyá Ràfíù wí lẹ́yìn mi. "Lọ́jọ́ ti ìjọ́sí, ohùn yín dé ọ̀dọ̀ aláṣọ lọ́hùn-ún."

Mo wo Màmá Hẹ́dì bóyá wọn yóò gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ká ọwọ́ gbera, wọ́n ń dúró de ìdáhùn. Mo fa èémí, mo sì fi gbogbo ohùn tí mo fi ń pe èèyàn láti orí òrùlé kígbe pé, "Kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀ o! Páànù mi ni! Páànù mi ni mo gé sílẹ̀ tí n ò gbá!"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ràn títí dé ọ̀dọ̀ aláṣọ. Ìyá Ràfíù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì pẹ́ kó tó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ọkùnrin kan ti ń bi í pé èló ni àpò kan.

Láti ọjọ́ náà, ní ọjà Ìkàrẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Ràsákì mọ́. Bí mo bá ti ń bọ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́ àti àpò sìmẹ́ńtì tó ṣófo léjìká, wọn á kígbe pé, "Páànù-mi-ni! Páànù-mi-ni, ẹ kú iṣẹ́ o!" Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ rò pé oríkì ni. Èmi mọ ohun tó jẹ́. Mo máa ń dá wọn lóhùn.